Ọmọ Mi Fi Ọ̀pá Ìpẹja Bass Ránṣẹ́ Láti Texas: Kí Ni Mo Lè Fi Ṣe Ní Òṣogbo?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ọmọ ọdún 66, Òṣogbo ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Houston fi ọ̀pá ìpẹja kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àpótí tó kún fún ẹja rọ́bà àti ìwọ̀ oríṣiríṣi. Ó ní ẹja bass ni òun fi ń pa níbẹ̀, pé ìjókòó etí omi á dára fún ara mi. Orúnkún ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu, mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò sì mọ̀wẹ̀. Ṣé ẹja yìí wà lọ́dọ̀ wa? Níbo ni mo lè jókòó sí? Ṣé àwọn ènìyàn kò ní máa fi ìyá àgbà tó ń da ìwọ̀ sómi ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ dákun, ẹ má sọ fún mi pé kí n wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kò gba àlàyé púpọ̀ kúrò ńlẹ̀. Bass kò sí nínú odò tàbí adágún tí ẹ lè wọ Márúwá dé láti Òṣogbo. Ẹja Amẹ́ríkà ni. Wọ́n ti kó o lọ sí South Africa, Kẹ́ńyà àti Japan, ó sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ará Ọ̀ṣun, kì í ṣe ará Erinlẹ̀, kì í sì í ṣe ará Ọ̀tìn. Síbẹ̀, ọ̀pá tí ọmọ yín rà kò ṣòfò. Ọ̀pá kò mọ orúkọ ẹja. Ẹpìyà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ni ẹ máa fi mú, bí ẹ bá ti yí ìwọ̀ àti ìdẹ rẹ̀ padà.

Ní ti ọkọ̀ ojú omi, n kò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ súnmọ́ ọn. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí orúnkún ń dùn, tí kò sì mọ̀wẹ̀, kò sọ ohunkóhun nù sáàárín omi. Etí omi ni ẹja ti ń jẹun jù. Ibẹ̀ ni koríko ti ń hù, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń já bọ́ láti ara igi, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń tètè mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹpìyà máa ń gbẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí ibi tí omi kò ti jìn. Àrọ̀ máa ń ti inú ibú wá síbi koríko nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bass gan-an náà, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ra ọkọ̀ olówó gọbọi ní Amẹ́ríkà, ìdí koríko àti ìdí igi tó wó sómi ló máa ń fara pamọ́ sí, kí ó lè já mọ́ ẹja kékeré tó bá ń kọjá. Ẹ wo àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn dáadáa: àárín omi ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n bèbè ni wọ́n ń ju ìwọ̀ wọn sí.

Nítorí náà, ibi ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kì í ṣe ibi ẹja. Orúnkún yín ni kí ẹ fi yàn án. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí tí wọ́n sì pa á tì, ẹja kọ́ ló lé wọn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n sọ̀ lówùúrọ̀ tí wọn kò lè gùn padà lọ́sàn-án ló lé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọ̀rọ̀ ibi, nítorí ní Òṣogbo, òun ló ṣòro jù.

Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, ó ṣe tán, ìlú yín ló gbà kọjá. Inú Igbó Ọ̀ṣun, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í gé igi. Òfin yẹn ti wà ṣáájú kí UNESCO tó kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, ìlú tí oyè ọba rẹ̀ ti ara ẹja jáde kò sì nílò kí àjòjì kọ́ ọ. Ẹ lè lọ wo àwọn ẹja ibẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀pá sílé.

Lẹ́yìn òde igbó náà ńkọ́? Èmi ò ní gbà yín níyànjú. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni omi Ọ̀ṣun ti yí padà di aláwọ̀ ilẹ̀, nítorí iṣẹ́ wíwa góòlù tí wọ́n ń ṣe lápá òkè odò, ní agbègbè Iléṣà àti àwọn abúlé Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó wáyé, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má mu omi náà. Àwọn tó ń wa góòlù máa ń lo mẹ́kúrì láti fi kó èérún góòlù jọ. Bí mẹ́kúrì bá wọ omi, kòkòrò á jẹ ẹ́, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣẹ́jọ sí i nínú ẹran ara. Gbígbóná iná kì í pa á, èéfín kì í lé e jáde. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń fi ìwọ̀ pẹja lábẹ́ afárá Ọ̀ṣun, ẹ kí i, kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lọ ni adágún Erinlẹ̀. Odò Erinlẹ̀ ni wọ́n sé láti pèsè omi ẹ̀rọ fún Òṣogbo, Ẹdẹ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Bí ẹ bá mú ọ̀nà Ìlobù, ẹ ó dé agbègbè Òkinní láìpẹ́, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí adágún náà. Ibi omi mímu ìjọba ni, nítorí náà ẹ kò lè kàn rìn wọlé láti ibi tó wù yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ láìmú ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ béèrè ibi tí wọ́n gba ènìyàn láàyè láti jókòó sí. Ẹ kí àwọn apẹja tó ń na àwọ̀n níbẹ̀ pẹ̀lú, torí wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ti le, ibi tí ejò ti ń yọjú, àti ibi tí wọ́n na àwọ̀n wọn sí tí ìwọ̀ yín á fi lọ há. Ìkíni yẹn wúlò ju gbogbo ohun tó wà nínú àpótí rọ́bà yẹn. Bí ẹ bá ní ẹbí lápá Ìkìrun, adágún Èkó-Ẹndẹ náà wà lórí odò Ọ̀tìn, ìlànà kan náà ni.

Ṣùgbọ́n fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ wá ẹni tó ní adágún ẹja tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló wà ní àyíká Òṣogbo tí wọ́n ń sin àrọ̀ sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ohunkóhun tí ẹ bá mú, ẹ ó san owó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ní kílò. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tẹ́jú, ìbòòji máa ń wà, ẹja sì wà ńbẹ̀ dájú. Àwọn apẹja pípé máa ń sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìpẹja. Wọn kì í ṣe ẹni ọdún 66 tó ń kọ́ bí a ṣe ń ju okùn.

Ẹ wá fetí sí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ yín ni, ẹ sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ: àtọ̀sí ajá, àrùn inú omi tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera ti rí àrùn yìí lára àwọn ọmọ ilé ìwé ní abúlé tó yí àwọn adágún ìpínlẹ̀ wa ká, Erinlẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Omi tó dákẹ́ tí koríko yí ká ni àwọn ìgbín omi kéékèèké fẹ́ràn, inú wọn sì ni kòkòrò àrùn náà ti ń jáde. Ó ń gba ara awọ wọlé láìnílò egbò. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú, ni wọ́n ń jáde jù lọ. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ìpẹja etí omi fún àgbàlagbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpẹja ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ. Ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi ẹ̀rọ dání tí ẹ ó fi máa fọwọ́, ẹ má fọ ọwọ́ nínú adágún. Bí ìwọ̀ bá há sí koríko inú omi, ẹ gé okùn náà dànù. Owó ìwọ̀ kan kò tó nǹkan, ìrìn nínú omi láti lọ tú u ló máa ń kó ènìyàn sí wàhálà. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ mọ orúkọ oògùn rẹ̀: praziquantel. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ìjókòó wá kàn. Àga ṣiṣu tó ní apá ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n ń lò níbi ìnáwó, kì í ṣe àpótí ìdáná. Apá àga ni ẹ ó fi ọwọ́ tì nígbà tí ẹ bá fẹ́ dìde, kí orúnkún má dá ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀ rírọ̀ á gbé ẹsẹ̀ àga mì, ẹ ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí omi. Ọ̀pá yẹn gùn tó láti dí àyè náà. Ẹ má jókòó sórí kọnkéré ibi tí omi adágún ń gbà ṣàn jáde láé: ewé omi ló ń hù sórí rẹ̀, ó ń yọ̀, wọ́n sì lè ṣí omi láìkìlọ̀.

Ẹ gún igi ẹlẹ́ka méjì sílẹ̀ níwájú àga, kí ọ̀pá fara tì í. Ọwọ́ tó ti fún abẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ṣiṣẹ́ tó, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ di ọ̀pá mú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá ń dùn yín, ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé ibi ìdìmú ọ̀pá kí ó nípọn sí i. Ohun tó nípọn rọrùn láti dì mú ju ohun tínrín lọ.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mọ̀ bóyá tiyín wà lára èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa tọ̀ léraléra. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín àkókò tó dára láti lò ó lọ́jọ́ ìpẹja. Ẹ má tìtorí ìtọ̀ kọ̀ láti mu omi. Fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ tàbí agboòrùn, fóònù nínú ọ̀rá, ẹnìkan tó mọ ibi tí ẹ wà àti ìgbà tí ẹ ó padà. Àrá bá ti ń sán lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ká okùn. Ọ̀pá ìgbàlódé yẹn, òpó tí mànàmáná ń wá ni lórí pápá gbalasa.

Ní báyìí, àpótí. Ó dájú pé nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ rí kòkòrò rọ́bà aláwọ̀ àlùkò, ẹja onígi olójú méjì, irin pẹlẹbẹ tó ń dán tó sì ń yí. Bass ni wọ́n fi ń tàn, torí pé ẹja apẹran ni, ohun tó bá ń sá lọ ló máa ń já mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn já yín láyà. Ní ọdún 1932, ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, George Perry, mú bass tó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́wàá. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń lò lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé rẹ̀ sì sè é jẹ. Ó di 2009 kí ẹnìkan tó mú irú rẹ̀, Manabu Kurita, ní adágún Biwa ní Japan. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti tà láàárín ọdún méjèèjì yẹn.

Ẹ mú irin tó ń yí yẹn, méjì tó kéré jù, kí ẹ tọ́jú wọn. Ẹja apẹran wà nínú omi tiwa náà: èyí tí orí rẹ̀ jọ orí ejò, àti èyí tí eyín rẹ̀ gùn ṣóńṣó. Wọ́n á já mọ́ ọn nígbà mìíràn bí ẹ bá fà á kọjá lẹ́bàá koríko. Àwọn yòókù, ẹ kó wọn pamọ́. Ẹpìyà ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹpìyà kò sì ka rọ́bà sí.

Ẹnu ẹpìyà kéré. Ìwọ̀ bass tóbi jù fún un, yóò kàn máa ta ìdẹ kúrò lára rẹ̀ jẹ ni. Nọ́ńbà ìwọ̀ máa ń da ẹni tuntun láàmú, nítorí ó ń lọ sẹ́yìn: 10 kéré ju 6 lọ, 6 kéré ju 1. Lẹ́yìn 1, wọ́n á wá máa fi òdo ti nọ́ńbà, 1/0, 2/0, 3/0, láti ibẹ̀ lọ, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìwọ̀ ń tóbi. Nọ́ńbà 8 tàbí 10 ni ti ẹpìyà. Nọ́ńbà 1/0 tàbí 2/0 ni ti àrọ̀, ìyẹn lè wà nínú àpótí yín tẹ́lẹ̀. Okùn tó wà lórí ríìlì, ìyẹn ohun tí a ń ká okùn sí lára ọ̀pá, bí wọ́n bá kọ 10 tàbí 12 sí i ní ìwọ̀n pọ́ùn, ó tó fún ohun gbogbo tí ẹ máa bá pàdé. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹja díẹ̀ á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìwọ̀ bá wọ ìka yín, ẹ ó fà á jáde wẹ́rẹ́.

Síso ìwọ̀ mọ́ okùn: ẹ ki okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ orí rẹ̀ mọ́ okùn tó wà lẹ́yìn nígbà márùn-ún, ẹ wá ki orí náà sínú ihò kékeré tó kù lẹ́bàá ojú ìwọ̀. Ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le. Itọ́ yẹn kì í ṣe àṣà lásán. Ọ̀rá tí a bá fà le ní gbígbẹ máa ń gbóná níbi tó ti ń fi ara gbo ara, ibẹ̀ gan-an ló sì máa já. Bí ojú kò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ so ìwọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ nílé lábẹ́ iná, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n apá kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ká wọn sára páálí. Létí omi, kókó ńlá kan péré ni yóò kù láti ta.

Lókè ìwọ̀, ẹ so ìléfòó kékeré kan, ìyẹn ohun tó máa ń léfòó lójú omi, pupa tàbí olómi ọsàn, kí ojú lè tètè rí i. Bí ẹ kò bá ní, ìdérí ìgò tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì ṣe náà á ṣe é. Ẹ wọn ún kí ìdẹ lè wà ní nǹkan bí ìdajì mítà sí mítà kan nísàlẹ̀. Òjé kékeré kan ló yẹ kó wà láàárín, tó kàn tó láti mú kí ìléfòó náà dúró ṣánṣán. Bí ìléfòó bá tóbi jù, ẹpìyà á mọ̀ pé nǹkan ń fà á padà, á tu ìdẹ dànù.

Ìdẹ ni mo gbádùn láti máa sọ jù, torí pé ilé ìdáná ló ti ń wá. Ekòló ni ọba wọn: ẹ wá a lábẹ́ ewé tó ti jẹrà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń da omi ìfọbọ́ sí. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, díẹ̀ ló yẹ kó yọ lẹ́nu ìwọ̀. Búrẹ́dì tí a fi omi díẹ̀ pò títí tó fi le dára fún ẹpìyà. Ẹ̀bà náà dára bí a bá pò ó mọ́ ìyẹ̀fun díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á tú u. Fún àrọ̀, ohun tó ń rùn ni: ìfun adìẹ, aáyán, ọṣẹ fífọ pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni, ọṣẹ. Àwọn apẹja wa ti ń lò ó tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí èsúnsún bá fò, ẹ kó wọn jọ lábẹ́ gílóòbù, kò sí ẹja tó kọ̀ ọ́.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò ṣe: ẹ mú eèrí dání, eèrí ògì tí ẹ ti sẹ́ kù. Bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ tó tilẹ̀ so nǹkan kan, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sójú ibi tí ẹ fẹ́ ju ìwọ̀ sí. Ẹ wá lọ tẹ́ àga, ẹ mu omi, ẹ so ìwọ̀. Kí ẹ tó ṣe tán, ẹpìyà kéékèèké á ti dé, àwọn ńlá á sì tẹ̀lé wọn. Ẹ̀kúnwọ́ mìíràn ní ìdajì wákàtí. Kì í ṣe garawa kan, ẹja tó ti yó kì í wo ìwọ̀.

Ju okùn sí ibi tó súnmọ́. Gbogbo ẹni tuntun ló fẹ́ ju ìwọ̀ jìnnà, ẹ ó sì rí i pé inú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wò yín á dùn bí ẹ bá jù ú dé àárín. Ẹja wà níwájú ẹsẹ̀ yín. Bí ìléfòó bá ń gbọ̀n, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá rì tàbí tó ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lẹ́, ọrùn ọwọ́ nìkan, kì í ṣe èjìká. Ti àrọ̀ yàtọ̀: ìdẹ rẹ̀ á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òjé, yóò kọ́kọ́ máa tọ́ ọ wò, ẹ dúró di ìgbà tí okùn bá ń lọ láìdúró. Àrọ̀ ńlá lágbára. Ẹ má fa ríìlì tipátipá. Ẹ ṣe é bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó kọ̀ láti wọlé: bó bá ta kú, ẹ dẹwọ́, bó bá gbàgbé, ẹ fà á. Bọ́tìnnì kan wà lára ríìlì tí ọmọ yín rà, tó ń jẹ́ kí okùn jáde fúnra rẹ̀ bí ẹja bá fà jù. Ẹ ní kó fi hàn yín lórí fídíò, òun ni yóò gba èjìká yín sílẹ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú ẹja. Ẹ̀gún lẹbẹ ẹ̀yìn ẹpìyà ń gún ènìyàn, ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ ọrùn àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú, egbò kékeré yẹn lè pẹ́ kó tó jiná. Àkísà tútù kan, ẹ̀mú kan láti yọ ìwọ̀, àti àwọ̀n kékeré tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tí ẹ ó fi gbé ẹja láìtẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹpìyà kan wà tí ìyá rẹ̀ máa ń kó ẹyin àti ọmọ sẹ́nu. Bí ẹ bá mú èyí tí ọmọ ń dà jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ dá a padà kíá.

Àkókò wo? Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, tàbí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ọ̀sán gangan, oòrùn ń pa yín, ẹja ti wọ ibú, kòkòrò àtọ̀sí ajá sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ọdún, láti Igbe sí Òkúdù, nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, àrọ̀ máa ń tẹ̀ lé omi tuntun wá sínú koríko, ẹ ó rí i mú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yọ̀. Ní Èrèlé àti Ẹrẹ̀nà omi á ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ á wà láàárín yín àti omi, ẹrẹ̀ yẹn á sì gbé bàtà mì. Bí ẹ bá bi èmi, oṣù Bélú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀: omi ṣì kún dé bèbè tó le, ó ń mọ́, òjò ti lọ. Nínú ọyẹ́ ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun láàárọ̀, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà náà.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á wò yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọlọ́kadà kan á dúró. Ọmọdé mẹ́ta á jókòó sẹ́yìn àga. Ẹnìkan á béèrè bóyá ẹ ń ṣe ètùtù. Láyé ńbí, obìnrin ló ń yan ẹja, obìnrin ló ń tà á, obìnrin ló ń sè é, ẹnikẹ́ni tí ẹnu bá yà pé obìnrin mú un jáde nínú omi, ẹ jẹ́ kó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á máa béèrè iye tí ẹ ń tà á. Àwọn ọmọdé yẹn ni kí ẹ mójú tó, nítorí wọ́n á fẹ́ wọ omi láti bá yín mú ẹja tó bọ́. Ẹ kọ̀.

Bí ẹ bá lọ kí ọmọ yín ní Houston, ẹ gbìyànjú kó bọ́ sí Ẹrẹ̀nà tàbí Igbe. Ìgbà yẹn ni omi ibẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí bass ń bọ̀ wá sí etí omi láti yé, akọ rẹ̀ á sì máa ṣọ́ ìtẹ́. Ní Texas, ẹni tó bá ń pẹja láti bèbè tàbí láti orí afárá ìpẹja nínú ọgbà ìtura ìjọba ìpínlẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ, owó ìwọlé ni ẹ ó san. Níbi mìíràn, kó ra ìwé àṣẹ àlejò fún yín. Bass tí kò bá tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36, ìyẹn íńṣì 14, ẹ ó dá a padà lọ́pọ̀ ibi, márùn-ún ni ènìyàn sì lè mú lọ ní ọjọ́ kan. Ọgbà Brazos Bend kò jìnnà sí Houston, ó dára fún ìjókòó, ṣùgbọ́n alligator, ìbátan ọ̀nì, pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í bẹ̀rù ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jìnnà sí wọn, ẹ má sì so ẹja tí ẹ mú sínú omi lẹ́bàá ẹsẹ̀.

Ó dájú pé yóò béèrè ohun tí òun tún lè fi ránṣẹ́. Ẹ sọ fún un: páálí ìwọ̀ nọ́ńbà 8 àti 10, ìléfòó kéékèèké olómi ọsàn, ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn, àti jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tó bá ìwọ̀n ara yín mu, èyí tí ẹ ó máa wọ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú Márúwá. Kó má fi ẹja rọ́bà kankan kún un mọ́.